Táyà tuntun ń ha fẹ́ńdà: ẹ wá ibi tó ti ń kàn ná

Bí ẹ bá pààrọ̀ táyà tán, tí ẹ wá ń gbọ́ "ṣàà" ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá yí sítíárìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi hámà kan fẹ́ńdà yín. Iṣẹ́ táyà àti aláímẹ́ǹtì ni mò ń ṣe n'Íbàdàn. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí spọ́ọ̀tì káà tó dára tí wọ́n ti gé fẹ́ńdà rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé nọ́ńbà táyà ni kò bá a mu.

Nọ́ńbà yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ ó rí bébà kan lára òpó ibẹ̀ tí wọ́n kọ táyà tó yẹ ọkọ̀ náà sí. Ẹ jẹ́ ká mú Scion FR-S, ìyẹn Toyota 86, tó ń lo 215/45R17: 215 ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà, 45 ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn, 17 sì ni ìwọ̀n rímù ní íńṣì. Nítorí gálọ́ọ̀pù ojú ọ̀nà wa, àwọn kan á fẹ́ táyà tó nípọn díẹ̀, wọ́n á ra 225/50R17. Ó máa wọ rímù náà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n táyà àkọ́kọ́ ga ní bíi mìlímítà 625, èkejì sì ga tó 657. Ìyẹn ni pé yíká-yíká ni táyà fi mìlímítà 16 sún mọ́ fẹ́ńdà àti rọ́bà inú rẹ̀. Mítà tó ń ka eré ọkọ̀ yín náà á máa purọ́: tó bá ní 100, eré bíi 105 lẹ ń sá.

Bí nọ́ńbà bá pé tí ó ṣì ń ha, ẹ fiyè sí ìgbà tó ń ha. Tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ yí sítíárìn dópin, bí ìgbà tí ẹ ń rìfáàsì, rọ́bà inú fẹ́ńdà iwájú ni kí ẹ wò, àti irin tó wà nínú. Tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bọ́ sí kòtò, òkè fẹ́ńdà ni; ẹ yẹ ṣọ́ọ̀kì àti sípírìn wò, pàápàá bí ẹni tó ni ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ bá ti mú kí ara ọkọ̀ lọ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìgbà tí èèyàn bá jókòó sẹ́yìn nìkan ni, táyà ẹ̀yìn ni.

Èyí tó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ ni ìró "kẹ́-kẹ́-kẹ́" tí kì í dákẹ́, tó ń yára bí ọkọ̀ ṣe ń yára, kódà lójú ọ̀nà tààrà. Ó lè má jẹ́ táyà rárá. Òjé bálánsì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀ mọ́ inú rímù lè máa gbá kálípà bíréèkì, ìyẹn irin tó di páàdì bíréèkì mú. Kí wọ́n tú u, kí wọ́n tún bálánsì rẹ̀.

Kí ó lè dá yín lójú, ẹ fi ẹfun pa èjìká táyà, ìyẹn etí ibi tí ojú táyà ti pàdé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yíká, lóde àti nínú. Ẹ wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́ níbi gbalasa, ẹ yí i dópin sọ́tùn-ún àti sósì. Ibi tí ẹfun bá ti pa rẹ́, ibẹ̀ ló ń kàn. Ẹ tan iná fóònù yín sí rọ́bà inú fẹ́ńdà, ibi tó bá ń dán ju ìyókù lọ á bá a mu. Orí ilẹ̀ ni kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà o. Bí ẹ bá fi jáàkì gbé ọkọ̀, wíìlì á rọ̀ sílẹ̀, àlàfo á fẹ̀, ẹ ó sì rò pé kò sí nǹkan kan.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni kí irin máa ha ẹ̀gbẹ́ táyà láti inú, níbi tí ojú kì í tètè rí. Bí ẹ bá ti rí okùn inú táyà, ẹ bọ́ ọ lọ́jọ́ náà. A kì í lẹ ẹ̀gbẹ́ táyà.

Rọ́bà tó já kúrò lára pínnì rẹ̀, ẹ fi pínnì dè é padà. Sípésà, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi sẹ́yìn wíìlì láti tì í síta, ẹ yọ ọ́. Bí táyà bá ga jù, ẹ tètè dá a padà kó tó gbó. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ kí tirẹ̀ nípọn díẹ̀ lè gbìyànjú 225/45R17, mìlímítà 9 péré ni gíga rẹ̀ fi ju ti 215/45R17 lọ. Bó bá wá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì ló ń ha, búṣìn lówà áàmù, ìyẹn rọ́bà tó wà lára apá irin tó di wíìlì mú nísàlẹ̀, ló ṣeé ṣe kó ti jẹ, tí wíìlì fi ń sún sẹ́yìn. Ẹ pààrọ̀ búṣìn yẹn kí ẹ tó ṣe aláímẹ́ǹtì.