Bí A Ṣe Ń To Àpótí Sípíkà Gìtá Báàsì fún Òde Àríyá

Ní ọ̀pọ̀ òde àríyá tí ẹgbẹ́ olórin ti ń ṣeré, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni sípíkà tó wà níwájú pèpéle àti èyí tó wà lẹ́yìn ń ṣe. Àwọn sípíkà ńlá tó wà níwájú, tí àwọn tó ń fi irinṣẹ́ ohùn háyà máa ń gbé wá, ló ń gbé orin dé ọ̀dọ̀ àwọn àlejò tó jókòó sídìí tábìlì. Àpótí sípíkà báàsì tó wà lẹ́yìn, ní tirẹ̀, àwọn tó wà lórí pèpéle ló ń ṣiṣẹ́ fún: atabáàsì fúnra rẹ̀, onílù, àti akọrin tó ń wá ibi tí yóò gbé ohùn rẹ̀ lé. Ọ̀pọ̀ atabáàsì ni kì í fẹ́ gba èyí. Wọ́n á fẹ́ kí àpótí ẹ̀yìn wọn nìkan kún gbọ̀ngàn, akọrin á sì máa fi ọwọ́ ṣe àmì títí ilẹ̀ á fi mọ́ pé òun kò gbọ́ ohùn ara òun. Bí a bá ti gbà pé ti orí pèpéle ni àpótí yìí, iṣẹ́ tó kù ni láti mọ ibi tó yẹ kí a gbé e sí, nítorí pé ibi tí àpótí wà àti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń yí ohùn báàsì padà ju gbogbo bọ́tìnì orí áńpù, ẹ̀rọ tó ń mú ohùn báàsì lágbára, lọ.

Kí ẹ tó gbé ohunkóhun kalẹ̀, ẹ yí àpótí padà kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Iye óòmù ni ẹ ń wá, ìyẹn ìwọ̀n bí àpótí ṣe ń dènà iná tó ń bọ̀ láti áńpù. Óòmù 8 tàbí óòmù 4 ló wọ́pọ̀ lára àpótí báàsì, áńpù náà sì ní iye tó kéré jù lọ tí ó lè gbà, èyí tí wọ́n máa ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ ihò tí wáyà sípíkà ń wọ̀. Bí a bá ki wáyà àpótí méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ óòmù 8 bọ ihò méjì tó wà lẹ́yìn áńpù, óòmù 4 ni áńpù yóò rí. Bí wọ́n bá di mẹ́ta, yóò di nǹkan bí 2.7, bí ó bá sì jẹ́ méjì tó jẹ́ óòmù 4, yóò di 2. Áńpù tí wọ́n kọ 4 sí gẹ́gẹ́ bí ìpẹ̀kun kò gbọdọ̀ rí 2.7, kí a má tilẹ̀ sọ 2. Ó lè gbé e fún orin bíi mélòó kan, kí ó tó gbóná, kí ó sì dákẹ́ lójijì nígbà tí ẹni tó ni òde bá ń jó bọ̀ wá síwájú ẹgbẹ́. Áńpù onítúùbù, èyí tó ń fi túùbù onígíláàsì ṣiṣẹ́, irú Ampeg SVT tó jáde ní ọdún 1969, tí àwọn ènìyàn mọ̀ mọ́ àpótí gíga oní-sípíkà mẹ́jọ, ní òfin tirẹ̀: iye óòmù tí a yàn lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti àpótí mu, a kò sì gbọdọ̀ ta báàsì gba inú rẹ̀ láìsí àpótí lára rẹ̀, nítorí pé tiransifọ́mà inú rẹ̀ lè jóná.

Wáyà tó lọ láti áńpù sí àpótí kì í ṣe wáyà gìtá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí wọn lè jọra. Okùn bàbà tín-ín-rín kan ló wà láàárín wáyà gìtá, tí òmíràn sì hun yí i ká. Wáyà sípíkà ní okùn nípọn méjì tó dọ́gba. Iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá pọ̀ gan-an, ó sì lè mú wáyà gìtá gbóná débi tí rọ́bà inú rẹ̀ yóò yọ́, tí okùn méjèèjì yóò kan ara wọn, tí áńpù yóò sì kú. Bí áńpù àti àpótí bá ní ihò Speakon, èyí tí a ń ki orí wáyà bọ̀ kí a tó yí i kí ó lè há, òun ni kí ẹ lò. Àwọn tó ń jó wá ná owó fún olórin kì í wo ilẹ̀, orí wáyà tó há dáadáa kì í sì í já nígbà tí bàtà bá kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ ibi tí a ń gbé àpótí sí ló yẹ kí a fara balẹ̀ sí jù. Okùn E tó rẹlẹ̀ jù lọ lórí báàsì olókùn mẹ́rin ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn 41 Hz. Okùn B ti báàsì olókùn márùn-ún jẹ́ nǹkan bí 31 Hz. Ìgbì ohùn E yìí gùn ju mítà 8 lọ, ó gùn ju ọ̀pọ̀ pèpéle tí a ti ń ṣeré lọ. Ohùn tó gùn tó báyìí kì í lọ síwájú nìkan. Ó ń yí àpótí po, ó ń lọ sẹ́yìn, ó ń kan ògiri, ó sì ń padà wá bá èyí tó ń lọ síwájú. Bí ó bá padà dé nígbà tí èyí tó ń lọ síwájú ń tì, tí òun sì ń fà, àwọn méjèèjì yóò pa ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò díẹ̀ wò ó. Bí ojú àpótí bá jìnnà sí ògiri ẹ̀yìn ní mítà 1, ohùn tó lọ kan ògiri tó sì padà ti rin mítà 2, ìdajì ìgbì ohùn tó wà ní nǹkan bí 86 Hz. Ohùn yẹn ni yóò parẹ́, bí ẹni pé ihò wà nínú ohùn báàsì, ibẹ̀ sì ni ohùn F tí a ń tẹ̀ ní fírẹ́ẹ̀tì kẹta lórí okùn D wà. Bí ó bá jìnnà tó mítà 2, ihò náà yóò bọ́ sí nǹkan bí 43 Hz, láàárín E àti F ìsàlẹ̀ pátápátá. Atabáàsì á rí i pé gbogbo ohùn yòókù ń dún, pé ọ̀kan péré ló sá. Á yí bọ́tìnì sókè, kò sì ní ràn án lọ́wọ́, nítorí pé bí èyí tó ń lọ ṣe ń lágbára sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó ń bọ̀ láti ara ògiri ń lágbára.

Ohun tí ẹ óò ṣe ni pé kí ẹ sún àpótí mọ́ ògiri títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Nígbà náà, ojú rẹ̀ yóò wà ní nǹkan bí 50 cm sí ògiri, ihò náà yóò sún sókè sí nǹkan bí 170 Hz, níbi tí àpótí fúnra rẹ̀ ti ń darí ohùn síwájú díẹ̀, kò sì ní jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ògiri yóò tún fi kún ohùn ìsàlẹ̀, ó lè tó 6 dB (dB ni a fi ń wọn agbára ohùn), nítorí náà ẹ lè dín bọ́tìnì báàsì kù lórí áńpù. Bí àpótí bá ní ihò afẹ́fẹ́ lẹ́yìn, ẹ fi àyè tó tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ kí ó lè mí. Igun ilé, níbi tí ògiri méjì ti pàdé, ni mo máa ń sá fún: ohùn ibẹ̀ pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń wú, tí a kò ní mọ ìyàtọ̀ láàárín ohùn kan àti èkejì.

Ohun kan wà tó máa ń tan ènìyàn jẹ ní àwọn gbọ̀ngàn ayẹyẹ wa. Àwọn tó ń ṣe ọ̀ṣọ́ máa ń ta aṣọ funfun tàbí aláwọ̀ wúrà sẹ́yìn pèpéle, atabáàsì á sì gbé àpótí tì í, á rò pé òun ti dé ara ògiri. Aṣọ kò dá báàsì dúró rárá. Ẹ ká aṣọ náà sókè kí ẹ wo ibi tí ògiri gidi wà. Ó lè jìnnà tó mítà 2, tí a ó sì ti mọ ìdí tí okùn E kò fi dún.

Bí àpótí bá jẹ́ méjì, ẹ to ọ̀kan lé orí èkejì. Bí a bá tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ohùn òkè báàsì, èyí tó ń jẹ́ kí a gbọ́ bí ìka ṣe ń fa okùn, yóò há sí iwájú gangan, onílù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yóò sì máa gbọ́ ohun mìíràn. Bí wọ́n bá jẹ́ oní-sípíkà méjì-méjì, ẹ dá wọn dúró lóòró kí sípíkà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè wà lórí ìlà kan láti ilẹ̀ dé òkè, kí ẹ sì fi okùn dì wọ́n kí wọ́n má baà ṣubú. Sípíkà tó wà lókè yóò dọ́gba pẹ̀lú etí yín, ẹ kò sì ní máa pariwo báàsì fún orúnkún ara yín. Bí àpótí bá jẹ́ ẹyọ kan tó kúrú, ẹ gbé e lé orí nǹkan tó dúró ṣinṣin tàbí kí ẹ gbé iwájú rẹ̀ sókè kí ó kọjú sí orí yín. Ẹ má ṣe gbé ọ̀kan sí apá ọ̀tún pèpéle kí ẹ gbé èkejì sí apá òsì. Wọ́n á máa pa ara wọn níbìkan, wọ́n á sì máa ran ara wọn lọ́wọ́ níbòmíràn.

Àwọn mìíràn máa ń pa àpótí oní-sípíkà mẹ́rin 10 ínṣì pọ̀ mọ́ ti ẹyọ kan 15 ínṣì, pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé 15 yóò mú ìsàlẹ̀ wá. Bí sípíkà ṣe tóbi nìkan kọ́ ló ń mú ìsàlẹ̀ wá, bí wọ́n ṣe kan àpótí náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí áńpù bá ń gbé wáàtì 400 jáde, tí àpótí méjèèjì sì jẹ́ óòmù 8, wáàtì 200 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gbà: sípíkà 10 kọ̀ọ̀kan yóò gba 50, sípíkà 15 kan ṣoṣo yóò gba 200. Ẹ mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ kú. Àpótí méjì tó jẹ́ irú kan náà ló dára jù lójú mi. Bí ẹ bá yá àpótí tí ẹ kò mọ̀ rí, tí ẹ pa méjèèjì pọ̀ tí ohùn ìsàlẹ̀ sì dínkù dípò kí ó pọ̀ sí i, ẹ fi bátìrì kékeré kan orí wáyà ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú àáyá kan láìsí áńpù lára rẹ̀, kí ẹ sì wo sípíkà: bí ti àkọ́kọ́ bá yọ síta tí ti èkejì wọlé, wọ́n ti so ọ̀kan nínú wọn lódì.

Lẹ́yìn ògiri, ẹ wo àwọn tó yí yín ká. Ẹ̀gbẹ́ tí ṣímbálì àtẹ̀pa onílù wà ni kí àpótí wà, nítorí pé onílù àti atabáàsì ló ń di ìró mú, wọ́n sì gbọ́dọ̀ rí ọwọ́ ara wọn. Nínú ẹgbẹ́ jùjú tàbí fújì, ọ̀rọ̀ gángan tún wà níbẹ̀. Máìkì tí a gbé síwájú onígángan kọjú sí ẹ̀yìn pèpéle, ìyẹn ni pé ó kọjú sí àpótí báàsì ní tààràtà. Bí àpótí bá wà lẹ́yìn onígángan gan-an, báàsì yóò gba inú máìkì yẹn wọ sípíkà iwájú, yóò sì bo ẹnu ìlù. Gángan ń sọ̀rọ̀. Bí ẹni tí wọ́n ń kì kò bá gbọ́ pé òun ni wọ́n ń kì, kí ni yóò mú un dìde náwó? Ẹ sún àpótí sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ sì ní kí ẹni tó wà nídìí míksà gé ohùn ìsàlẹ̀ kúrò lórí máìkì gángan.

Pèpéle onípákó tí inú rẹ̀ ṣófo máa ń bá báàsì dún. Ẹ fi fóòmù líle sábẹ́ àpótí, kò sí iṣẹ́ púpọ̀ nínú ìyẹn.

Lábẹ́ kánópì níta, kò sí ògiri tí yóò ran yín lọ́wọ́, ohùn ìsàlẹ̀ á sì lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má lé e pẹ̀lú bọ́tìnì. Ẹ so wáyà láti áńpù sí míksà, kí wọ́n sì dá báàsì padà fún yín nínú sípíkà tó wà nílẹ̀ níwájú yín. Ẹ wo òkè kí ẹ tó gbé àpótí kalẹ̀: ibi tí kánópì méjì ti pàdé ni omi òjò máa ń dà gbà, kódà lẹ́yìn tí òjò bá ti dá. Ní ti iná, ìlà tí míksà ń lò láti ara jẹnẹrétọ̀ ni kí áńpù náà lò. Bí ìlà bá yàtọ̀, báàsì lè máa hó.

Ohun tó kẹ́yìn títàn ni áńpù, òun náà sì ni ẹ óò kọ́kọ́ pa kí ẹ tó yọ wáyà kankan. Nínú ọkọ̀, ẹ kọjú àpótí méjèèjì sí ara wọn, kí irin máìkì tàbí ẹsẹ̀ ìlù má baà gún sípíkà lójú ọ̀nà ilé.