Bí a ṣe gbé ẹgbẹ́ wa kúrò ní Bódìjà dé Ọjà'ba

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ kò ju gbólóhùn kan lọ: kí n lọ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní wọ́ọ̀dù kan láàárín ìgboro Ìbàdàn, ní apá Ọjà'ba, kí ìdìbò 2023 tó dé. N kò ní í dárúkọ ẹgbẹ́ náà, torí àwọn tí a jọ ṣe é ṣì wà níbẹ̀. Kì í ṣe ẹgbẹ́ ńlá. Nígbà tí INEC, àjọ elétò ìdìbò, wọ́gi lé ẹgbẹ́ 74 lọ́dún 2020, orí ló kó wa yọ, a wà lára àwọn 18 tó ṣẹ́kù.

Bí ẹ bá bi wá nígbà náà pé níbo lẹ ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ n'Ìbàdàn, a ó ní Bódìjà, Àgbowó, Akóbọ̀. Olùkọ́, òṣìṣẹ́ báńkì, àwọn ọmọ tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ jẹun. Tí a bá ti kọjá Bẹẹrẹ, ó tán. Mo wá ẹ̀dà fọ́ọ̀mù EC8A ti 2019 kiri, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń kọ èsì ìbò sí ní yúníìtì kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ àwọn aṣojú ẹgbẹ́ mìíràn ni mo ti rí i gbà, nítorí àwa kò ní aṣojú kankan níbẹ̀. Mo ka ìlà tiwa láti òkè dé ìsàlẹ̀: òdo, ení, òdo, òdo. Yúníìtì kan wà tí a ti rí eéjì. Mo wádìí, tọkọtaya kan ni.

Àlàyé tí wọ́n ń ṣe ní sẹkitéríàtì wa ni pé àwọn ará ìgboro kò lajú, pé owó ni wọ́n ń tẹ̀lé. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í wọ̀ mí létí. Ta ló ń yí gómìnà padà ní Ọ̀yọ́ bí kò ṣe àwọn èèyàn wọ̀nyí? Ladọjà wọlé lọ́dún 2003, Àlàó-Akálà ní 2007, Ajímọ̀bí ní 2011, ìgbà tí Ajímọ̀bí tún wọlé ní 2015 ni ẹnì kan kọ́kọ́ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì nípasẹ̀ ìbò. Lẹ́yìn tí iṣẹ́ wa parí gan-an, ojú gbogbo wa ló ṣe ní 2023: ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì, Ọ̀yọ́ fún Tinubu ti APC ní ìbò 449,884, ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta, Ọ̀yọ́ yìí kan náà fún Mákindé ti PDP ní 563,756. Oṣù kan kò pé láàárín méjèèjì. Ẹni tó bá ní ẹgbẹ́ kan ti ra àwọn èèyàn yìí tán, kí ó wá ṣàlàyé èyí fún mi.

Ọmọ Ìbàdàn ni mí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn odi ni mo gbé dàgbà, nítorí náà mo mú ẹ̀gbọ́n màmá mi kan dání, tí agboolé wọn kò jìnnà sí Màpó. Ọ̀dọ̀ Mọ́gàjí, olórí agboolé, ni wọ́n kọ́kọ́ mú mi lọ. Bàbá gba obì, wọ́n gba ọtí, wọ́n gbàdúrà fún wa, wọ́n wá ní kò sí ẹgbẹ́ tí kò tíì dọ̀bálẹ̀ nínú pálọ̀ àwọn rí. "Èyí tó bá tún padà wá kí mi lẹ́yìn ìbò, òun ni mi ò tíì rí." A kò béèrè pé kí wọ́n tẹ̀lé wa. A kàn ní kí wọ́n má bínú bí wọ́n bá ń rí wa ládùúgbò.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó. Ìsọ̀ ẹlẹ́ran, ìdí ẹ̀rọ àwọn ìyá tó ń lọ ata, iwájú mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ilé ìpàdé àwọn alájẹṣẹ́kù. Mi ò gbé fìlà ẹgbẹ́ dé. Ohun tí mo ń bi wọ́n ni pé kí ni wọ́n gbọ́ nípa wa. Àwọn kan kò gbọ́ nǹkan kan. Àwọn tó gbọ́ ní ẹgbẹ́ àwọn àlejò ni. Baba ẹlẹ́ran kan gbé ọ̀bẹ sílẹ̀ ó ní, "Wọ́n kúkú ti ń wí i pé Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì. Ilẹ̀, a tà á fún wọn. Ọjà, wọ́n gbà á. Ṣé ìbò náà ló wá kù?" Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ sínú ìwé.

Mo kọ ọ́ nítorí pé kì í ṣe òní ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wà. Ní 1951, Ìbàdàn yan aṣojú 6 lábẹ́ Ibadan Peoples Party, 5 nínú wọn bá Action Group, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀, lọ, Adégòkè Adélabú nìkan ló dúró ti NCNC, ẹgbẹ́ Azikiwe. Action Group ní ìwé, wọ́n ní owó, wọ́n sì ní ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn lọ́wọ́. Síbẹ̀ lójú ọ̀pọ̀ ọmọ onílé, ẹgbẹ́ àwọn Ìjẹ̀bú tó wá ra ilẹ̀ n'Ìbàdàn ni. Adélabú lọ bá àwọn mọ́gàjí, àwọn àgbẹ̀, àwọn tó ń sanwó orí pẹ̀lú ìrora, ó kó wọn sínú ẹgbẹ́ tirẹ̀, Mábọláàjẹ́, ó so ó mọ́ NCNC. Nígbà tí wọ́n dìbò ìgbìmọ̀ ìlú ní 1954, òun ló di alága. Ọdún yẹn náà ni NCNC na Action Group nínú ìdìbò àpapọ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn fúnra rẹ̀, torí pé owó orí tí wọ́n fẹ́ fi ṣètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ń dun àwọn èèyàn kí iléèwé tó ṣí ní oṣù Kìíní 1955. Ohun rere ni wọ́n ń gbé bọ̀, kò sì gbà wọ́n. Mo sọ ìtàn yìí ní sẹkitéríàtì wa, ọmọkùnrin kan ní kí n yé sọ̀rọ̀ ayé àtijọ́.

Ohun tó ṣílẹ̀kùn fún wa kò ní ẹgbẹ́ nínú rárá. Ní òpin oṣù Kẹfà 2021, INEC bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ olùdìbò padà, wọ́n sì ní èèyàn lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ó tó lọ tẹ̀ka ní ọ́fíìsì wọn. Ìyẹn rọrùn fún àwa ọmọ Bódìjà: a ti ṣe é tán lórí fóònù wa. Ní Ọjà'ba, àwọn ìyá tó ní fóònù tórṣì pọ̀ ju àwọn tó ní ti íntánẹ́ẹ̀tì lọ. A gbé tábìlì kan sí ẹ̀bá ṣọ́ọ̀bù telọ kan, àwọn ọ̀dọ́ wa bá ẹnikẹ́ni tó bá wá kọ fọ́ọ̀mù, kò sanwó, a kò bi í ní ẹgbẹ́ tó ń ṣe. Àwọn kan wá gba káàdì tuntun, àwọn kan fẹ́ gbé ibi ìdìbò wọn kúrò ní ìlú ọkọ tó ti kú. Nígbà tí INEC fi máa pa ìforúkọsílẹ̀ dé ní ọjọ́ 31 oṣù Keje 2022, kò sí agboolé tí wọn kò ti mọ "àwọn ọmọ orí tábìlì" ní sàkáání yẹn. Èyí ni mo máa gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kí ó kọ́kọ́ ṣe. Ọ̀rọ̀ ìpolongo ò wọ etí ẹni tí kò mọ̀ ọ́.

Ìwé pélébé tí ẹgbẹ́ tẹ̀ fún wa, gẹ̀ẹ́sì ni látòkè délẹ̀, ó sì kún fún ètò ọrọ̀ ajé orí ẹ̀rọ. Mo kó o sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. A jókòó pẹ̀lú ìyá méjì tó mọ ọ̀rọ̀ í sọ, wọ́n bá wa fi Yorùbá Ìbàdàn gba ohùn sílẹ̀: kòtò omi tó dí, tó ń ya wọ ilé bí òjò bá ti rọ̀ (ẹni tó bá rántí òjò oṣù Kẹjọ 2011 kò nílò àlàyé), owó ilẹ̀ tí wọ́n ń gbà lọ́jà, ọmọ tó parí sẹ́kọ́ńdírì tí kò rí iṣẹ́ kọ́. Ohùn náà ń lọ láti orí WhatsApp kan sí òmíràn. Àwọn àgbàlagbà tó jẹ́ pé Amúlùúdùn ni rédíò wọn ń sọ látàárọ̀ ń bi wá pé àsìkò wo ni wọ́n máa ń gbé e sáfẹ́fẹ́. Kò sí owó rédíò.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti wá le kò sí ní Ọjà'ba. Ilé wa ló wà.

Ẹni tó bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni yóò ti forúkọ sílẹ̀, wọn yóò sì béèrè í-meèlì. Ìyá tó ń ta èlùbọ́, níbo ló ti fẹ́ rí í-meèlì? Ọmọ wa kan dá í-meèlì ẹyọ kan tó fẹ́ fi forúkọ gbogbo agboolé sílẹ̀, ẹ̀rọ náà kọ̀ ọ́. Mo ra ìwé ńlá oníkáádì, mo ń kọ orúkọ, ojúlé, iṣẹ́, nọ́ńbà fóònù tiwọn tàbí ti ọmọ wọn. Sẹkitéríàtì ní ìwé ọwọ́ kò sí nínú ètò àwọn. Mo ṣí Òfin Ìdìbò 2022 sí abala 77 fún wọn: òfin ìgbà náà ní kí ẹgbẹ́ ní ìwé orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, èyí tó wà lórí ìwé àti èyí tó wà lórí ẹ̀rọ, kí ó sì wà lọ́wọ́ INEC ó kéré tán ní 30 ọjọ́ ṣáájú kóńgírẹ́ẹ̀sì, ìpàdé tí ẹgbẹ́ fi ń yan aláṣẹ rẹ̀. Orí ìwé ló kọ́kọ́ kọ síbẹ̀. Wọ́n dákẹ́, wọ́n gbà á.

Wọ́n gba orúkọ o, wọn kò gba àwọn tó ni ín. Nígbà tó kan yíyan aláṣẹ wọ́ọ̀dù, wọ́n ti ní alága kan lọ́kàn: ọmọ agboolé kan ní ìgboro ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n Akóbọ̀ ló ń gbé, ó gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, ó "yé e". Àwọn ará wọ́ọ̀dù fẹ́ baba kan tó ń ṣe fọkanáísà, tó ti ṣe ẹgbẹ́ méjì kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìpàdé yẹn gbóná. Ẹ̀gbọ́n kan, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, dìde ó ní bí a bá gbé wọ́ọ̀dù fún irú àwọn wọ̀nyí, òṣèlú àmàlà la padà sí, Mọ̀lété la tún fẹ́ kọ́.

Gbogbo wa mọ ẹni tó ń bá wí. Làmídì Adédibú, olóṣèlú tó ń fi àmàlà bọ́ èèyàn nílé rẹ̀ ní Mọ̀lété, ti kú láti 2008, orúkọ rẹ̀ la ṣì fi ń dẹ́rù ba ara wa n'Ìbàdàn. Èmi kò fara mọ́ ipá àti jàgídíjàgan tó bá ìṣèlú yẹn rìn, ojú wa kò sì ní í rí i mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi àmàlà ṣe yẹ̀yẹ́ gbàgbé pé ilẹ̀kùn ilé yẹn máa ń ṣí láràárọ̀, pé obìnrin tí ọlọ́pàá gbé ọmọ rẹ̀ lè wọ ibẹ̀ láìkọ lẹ́tà. Àwa ńkọ́? Ọ́fíìsì wa ní géètì, ó ní ìwé tí àlejò ń kọ orúkọ sí. Mo sọ ọ́ síbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ìbò wọn lẹ fẹ́, ẹ ò fẹ́ jókòó tì wọ́n." Ẹ̀gbọ́n náà kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Baba fọkanáísà ló wọlé. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá tó gba ohùn sílẹ̀ di akápò, kì í ṣe "olórí àwọn obìnrin" tí a máa ń tì wọ́n sí. Owó ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ Akóbọ̀ gbà láti ṣe akọ̀wé, mo sì yìn ín fún un, torí kò rọrùn. Àwọn kan kúrò nínú ẹgbẹ́ ní Bódìjà. Wọ́n ní a ti ba orúkọ jẹ́. Mo ro ó, mo sì gbà pé ohun tí a pàdánù kéré sí ohun tí a rí, nítorí àwọn tó lọ, orí WhatsApp ni wọ́n pọ̀ sí.

Ọjọ́ ìdìbò fúnra rẹ̀ kò gba àlàyé púpọ̀. A ní aṣojú ní gbogbo yúníìtì wọ́ọ̀dù náà, ọmọ ibẹ̀ ni gbogbo wọn. BVAS, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dá olùdìbò mọ̀, ṣiṣẹ́ níbi kan, ó fà níbi kan. Àwọn kan jókòó sí òdìkejì títì pẹ̀lú owó, dìbò kóo sebẹ̀, àwọn èèyàn wa kan sì lọ gbà á kí wọ́n tó wá tẹ̀ka fún wa. Àwọn kan gbà á wọ́n tẹ̀ka fún ẹni tó fún wọn. A kò borí. Kò sì sí òdo mọ́ ní ìlà tiwa. Ipò kẹta la wà ní wọ́ọ̀dù yẹn, a fi ẹgbẹ́ tó ní owó jù wá lọ sẹ́yìn. Ní Bódìjà, ìbò wa dín díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n sì ní èmi ni mo fà á.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a padà lọ kí Mọ́gàjí. Bàbá bojú wò wá títí, wọ́n ní kí wọ́n wá àga fún wa.

Nígbà tí ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ dé ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin 2024, wọ́ọ̀dù náà kò dúró de sẹkitéríàtì. Wọ́n yan ẹni tí yóò du kánsẹ́lọ̀ láàárín ara wọn, akápò wa ni, wọ́n dá owó fọ́ọ̀mù rẹ̀ nínú àjọ. PDP ló kó alága gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 33 ní Ọ̀yọ́, akápò wa náà fìdí rẹmi. Nísinsìnyí wọ́n ti kọ lẹ́tà sí ìpínlẹ̀ pé owó ilé ọ́fíìsì wọ́ọ̀dù àwọn ti pé láti san, àti pé nígbà tí wọ́n bá ń pín ipò ní ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọn fẹ́ alága. Lẹ́tà náà wà lórí tábìlì Ẹ̀gbọ́n. Wọn kò tíì fèsì.