Owó Kámẹ́rà Wálẹ̀ Lẹ́yìn Tí Ẹ Ti Rà Á: Bí Ẹ Ṣe Lè Rí Nǹkan Gbà Padà

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn tí mo ra kámẹ́rà tí mo fi ń ṣiṣẹ́ báyìí, ọlọ́jà tó tà á fún mi tún gbé e sórí WhatsApp status rẹ̀. Kámẹ́rà kan náà, lẹ́ńsì kan náà, páálí kò yàtọ̀, ṣùgbọ́n ₦85,000 ni owó rẹ̀ fi dín sí èyí tí mo san. Ibi ìgbéyàwó ni mo wà nígbà tí mo rí i, ní June 12 Cultural Centre ní Kútọ. Ìyàwó ń jó wọlé, ó yẹ kí ojú mi wà lára rẹ̀, àmọ́ ₦85,000 yẹn ni mò ń rí. Ó lé ní oṣù mẹ́fà tí mo fi kó owó kámẹ́rà náà jọ.

Mo padà rí nǹkan gbà, bí kò tilẹ̀ tó iye yẹn. Láti ìgbà náà, bí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí àwọn onífọ́tò ẹlẹgbẹ́ mi ní Abẹ́òkúta, wọ́n máa ń pè mí. Ohun tí mo ń sọ fún wọn nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ọjà kan náà ni

Ẹ má tíì kúrò nílé. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù yín kí ìpolówó náà tó lọ, torí wákàtí 24 péré ni WhatsApp status ń lò. Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ àti orúkọ ọlọ́jà hàn nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà, ìdí nìyẹn tí n ó fi pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n lè kọ orúkọ kámẹ́rà gàdàgbà gadagba kó sì jẹ́ pé bọ́dì nìkan ni wọ́n ń tà, láìsí lẹ́ńsì. Wọ́n lè fi lẹ́ńsì 18-55 sí i nígbà tó jẹ́ pé 18-135 ló wà lára tiyín, owó lẹ́ńsì méjèèjì yìí ò sì súnmọ́ ara wọn rárá. Ẹ tún wo nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn orúkọ náà. Nikon Z6 jáde ní 2018, Z6 II ní 2020, Z6 III ní 2024. Ẹni tó ra Z6 II kò lè fi owó Z6 bá ọlọ́jà jà.

Èyí tó tún le jù ni tòkunbọ̀. Kámẹ́rà tòkunbọ̀ lè mọ́ tónítóní nínú fọ́tò, kí inú rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lò tán. Canon sọ pé shutter kámẹ́rà 5D Mark IV, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré inú rẹ̀ tó ń ṣí tó sì ń padé bí a bá ń ya fọ́tò, lè ya tó 150,000 fọ́tò. Bí ẹnì kan bá ti fi ya 120,000 kó tó gbé e wá sí Nàìjíríà, ó yẹ kí owó rẹ̀ wálẹ̀, ìyẹn ò sì ní í ṣe pẹ̀lú tiyín tó jáde tuntun látinú páálí.

Bí ó bá sì jẹ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí ló gbé owó tó rọlẹ̀ náà síta, tó ní kí ẹ kọ́kọ́ san owó kí òun tó fi ọjà ránṣẹ́, ẹ má kà á sí pé owó ti wálẹ̀. Irú wọn ló ń fi owó pọ́ọ́kú lu àwọn ènìyàn ní jìbìtì. Ẹ pe ṣọ́ọ̀bù méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ mọ ibi tí wọ́n wà, ní Òkè-Ìlẹ̀wọ́ tàbí Pánṣẹ́kẹ́, kí ẹ béèrè iye tí wọ́n ń tà á lónìí. Bí iye wọn bá jọra, ó ti wálẹ̀ nìyẹn.

Ẹ wá rìsíìtì yín, kí ẹ sì mọ ibi tí òfin dúró sí

Ẹ wá rìsíìtì jáde. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, èyí tí àjọ FCCPC ń bójú tó, sọ pé olùtajà gbọ́dọ̀ fún ẹni tó ra ọjà ní àkọsílẹ̀ ohun tó rà. Bí wọn ò bá fún yín, alert tíráńsífà yín àti ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ kọ síra yín lórí WhatsApp á ràn yín lọ́wọ́.

Ẹ ka iye ọjọ́ tó ti kọjá. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ yín ṣì gbóná lójú ọlọ́jà. Ọ̀sẹ̀ méjì, ó ṣì ṣeé gbọ́. Bí oṣù bá ti yí lé e, ojú àánú nìkan lẹ ń wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ nípa òfin yìí, torí mo ti rí ẹni tó fi ariwo òfin ba ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ jẹ́. Kò sí ibi tí òfin ti fipá mú ọlọ́jà pé kó dá owó padà nítorí pé ọjà wálẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti san. Òfin wà lẹ́yìn yín bí ọjà bá ní àbùkù, bí wọ́n bá ta tòkunbọ̀ fún yín lórúkọ tuntun, tàbí bí iye méjì bá wà lára ọjà náà lẹ́ẹ̀kan náà tí wọ́n sì gba èyí tó pọ̀ jù. Èyí tó kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì. Ẹ lọ wo ọjọ́ tí wọ́n gbé ìpolówó náà síta. Bó bá jẹ́ pé owó tó dín yẹn ti wà lójú ewé Instagram wọn lọ́jọ́ tí ẹ san owó yín gan-an, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn, ẹ sì lè kọ ẹ̀sùn sí FCCPC bí wọn ò bá gbọ́. Ní gbogbo ìgbà mìíràn, ẹ má fi orúkọ ìjọba dẹ́rù ba ọlọ́jà. Ó mọ̀ pé ẹ ò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, ẹnu rẹ̀ á sì le sí yín.

Ẹ mọ ohun tó mú un wálẹ̀

Kò pẹ́ púpọ̀, àmọ́ ó máa ń ràn mí lọ́wọ́ kí n tó lọ. Nígbà mìíràn, kámẹ́rà tuntun ló jáde: Canon gbé R6 jáde ní 2020, R6 Mark II tẹ̀lé e ní 2022, bí irú ẹ̀ bá sì ti jáde, àtijọ́ á wálẹ̀. Nígbà mìíràn, Black Friday ló dé ní ìparí oṣù kọkànlá. Nígbà mìíràn, dọ́là ni. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti jẹ́ kí ọjà fúnra rẹ̀ máa sọ iye tí náírà jẹ́, owó ohun tó bá ti òkè òkun wá kì í dúró lójú kan mọ́. Ó lè jẹ́ pé owó gọbọi ni ọlọ́jà fi ra èyí tó tà fún yín, kó sì jẹ́ pé ọjà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Bí ẹ bá mọ èyí, ẹ ò ní bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó jà yín lólè.

Ẹ lọ bá a lójúkojú

Ẹ má pè é lórí fóònù, ẹ má sì kọ ọ́ sábẹ́ ìpolówó rẹ̀ níbi tí àwọn oníbàárà mìíràn ti ń kà á. Ẹ lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú, kí èrò tó pọ̀. Ẹ mú rìsíìtì lọ́wọ́. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní ń yọ ọfà lápó, ní ṣọ́ọ̀bù kámẹ́rà sì rèé, mo fojú ara mi rí i. Bí èmi àti ọlọ́jà mi ṣe sọ ọ́ nìyí:

“Ẹ kú ọjà o, ẹ̀gbọ́n. Ajé á wọgbá.”

“Àmín o, àbúrò. Kámẹ́rà ńkọ́? Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?”

“Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, mo dúpẹ́. Ẹ̀gbọ́n, mo rí i lórí status yín pé owó rẹ̀ ti wálẹ̀. Kò tíì pé ọjọ́ mẹ́wàá tí mo san tèmi. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà ò mọ̀ pé ó máa wálẹ̀. Kí lẹ lè ṣe fún mi?”

Mo dákẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ níbẹ̀. Ìbéèrè yẹn ń fún un láàyè láti ronú, bí ẹ bá sì tún fi ọ̀rọ̀ mìíràn lé e, ẹ ti gba àyè náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní owó mi ti di ọjà mìíràn, kò sí lọ́wọ́ òun mọ́. Mo gbà á gbọ́, torí bí ọjà ṣe ń rí nìyẹn. Mo wá sọ pé, “Ẹ jẹ́ ká fi ti owó sílẹ̀. Èènì wo lẹ máa ṣe fún mi?”

Ọ̀rọ̀ èènì yìí ló ṣí i. Kò sí ọmọ Abẹ́òkúta tí kò mọ èènì. Ẹni tó ń wọn gàárì ní Kútọ ń fi í sí i, ẹni tó ń ta àdìrẹ ní Ìtókù lè bá yín fi gèlè lé e. Ìtìjú ni fún ọlọ́jà láti sọ pé òun ò lè ṣe èènì, nígbà tó jẹ́ pé dídá owó padà máa ń dà bí ìjẹ́wọ́ lójú rẹ̀. Mo jáde níbẹ̀ pẹ̀lú bátìrì kejì àti mẹ́mọ́rì káàdì 64GB. Bí mo bá ní kí n fi owó rà wọ́n, wọn ì bá gbà ju ìdajì ₦85,000 lọ lọ́wọ́ mi.

Kí ẹ tó lọ, ẹ ti mọ ohun tí ẹ máa béèrè. Bátìrì ló dára jù, àmọ́ ẹ rí i pé ti ilé-iṣẹ́ tó ṣe kámẹ́rà náà ni. Mẹ́mọ́rì káàdì dára, ṣùgbọ́n ayédèrú pọ̀ níta: ó lè kọ 128GB sí ara rẹ̀, kí ó má gba ìdá mẹ́rin rẹ̀. Ẹ fi H2testw, ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi iye tí káàdì lè gbà gan-an hàn, yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó gbé e lọ síbi ìnáwó ẹnikẹ́ni. Ẹ tún lè ní kó kọ ẹ̀dínwó sílẹ̀ fún yín lórí lẹ́ńsì tí ẹ fẹ́ rà lọ́jọ́ iwájú, kó fọwọ́ sí i. Àpò àti tripod (ẹsẹ̀ mẹ́ta tí a ń gbé kámẹ́rà lé) fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ nà síni, ẹ rọra dá wọn padà.

Bó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti rà á

Bí ọjà ò bá tíì kúrò lọ́dọ̀ wọn, ẹ fagi lé e, kí ẹ tún un rà ní owó tuntun. Bó bá ti dé tí ẹ ò sì tíì ṣí páálí, ẹ ka òfin ìdápadà wọn lójú ewé wọn kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Bí ẹ bá ti ṣí i, ẹ má ya fọ́tò síwájú sí i. Nikon ń kọ iye fọ́tò tí kámẹ́rà ti yà sínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì rí i.

Ẹ má purọ́ pé ó bàjẹ́ kí wọ́n lè gbà á. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń ṣe é. Oníṣẹ́ wọn á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á dá a padà sí yín, ẹ̀yin lẹ ó sì san owó ọkọ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni mọ̀lẹ́bí ń bá ra kámẹ́rà láti òkè òkun. Bó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù Best Buy ní Amẹ́ríkà ni, wọ́n ń dá ìyàtọ̀ owó padà bí owó tiwọn bá wálẹ̀ kí ọjọ́ ìdápadà tó pé, èyí tó jẹ́ ọjọ́ 15 fún ọ̀pọ̀ oníbàárà. Costco ń fún ni ní ọjọ́ 30. Amazon kì í ṣe irú rẹ̀. Ní Britain, ẹni tó rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ 14 lẹ́yìn tí ọjà dé ọwọ́ rẹ̀ láti sọ pé òun ò ṣe mọ́, láìsọ ìdí, ó sì tún ní ọjọ́ 14 mìíràn láti fi í ránṣẹ́ padà. Nítorí náà, bí àbúrò yín bá ti ra kámẹ́rà tí kò sì tíì rí ẹni fi rán, ẹ ní kó máa wo owó rẹ̀ lójoojúmọ́ títí ọjọ́ tí ẹni náà máa wọ bàálù. Bó bá ti dé Abẹ́òkúta, ó ti parí.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ fi í sílẹ̀

Bó bá jẹ́ Computer Village ní Ìkẹjà lẹ ti rà á, ẹ ṣírò owó ọkọ̀ àti odindi ọjọ́ kan. Bí ẹ bá tilẹ̀ wọ rélùwéè láti Ládèrìn lọ sí Agége, ilẹ̀ á ṣú kí ẹ tó padà délé. Fún ₦10,000, ẹ jókòó sílé. Èmi kì í lọ bí ohun tí mo fẹ́ gbà ò bá tó ìlọ́po mẹ́ta owó ìrìn-àjò, torí ó ṣeé ṣe kí wọ́n má fún mi ní nǹkan kan.

Kí ẹ tó san owó ọjà mìíràn

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọlọ́jà kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín: “Bí owó rẹ̀ bá wálẹ̀ láìpẹ́, kí la máa ṣe?” Ìgbà yẹn ni agbára wà lọ́wọ́ yín. Ohun tó bá fèsì, ẹ ní kó kọ ọ́ sẹ́yìn rìsíìtì.

Nígbà tí mo lọ ra lẹ́ńsì 85mm lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n yìí kan náà, n kò tilẹ̀ tíì la ẹnu tó fi mú bírò. Ó kọ ọ́ pé, “Bí ó bá wálẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, kí ó padà wá gba ìyàtọ̀ rẹ̀.” Ó fọwọ́ sí i, mo sì ya fọ́tò rẹ̀ níbẹ̀, kí n tó sọ rìsíìtì náà sápò.