Kìlómítà 16 ni kí àwọn alátìlẹ́yìn yín dúró sí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ sá ìdajì márátọ́ọ̀nù, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rẹ́ àti ará ibi iṣẹ́ yín lọ kóra jọ síbi tí eré ti máa parí. Kìlómítà 16 sí 18 ni kí wọ́n wà. Nínú kìlómítà 21.1, ibẹ̀ gan-an ni itan ti máa ń wúwo, tí pésà tẹ́ ẹ ń tẹ̀ lé, ìyẹn sárésáré tó ń sá eré níwọ̀n kan náà kí ẹ lè parí lásìkò tẹ́ ẹ fẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà síni. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ níbẹ̀ á tún ara mú. Ariwo tó wà níbi ìparí ti tó gbé yín wọlé.

Ẹ sọ fún wọn bóyá apá ọ̀tún ni tàbí òsì, kí wọ́n sì wọ aṣọ tó hàn ketekete, torí ojú tó ti rẹ̀ kì í wá èèyàn kiri. Pésà tó máa parí ní wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 15 ń fi bí ìṣẹ́jú 6 àti ìṣẹ́jú àáyá 24 sá kìlómítà kan, tẹ́ ẹ bá ń tẹ̀ lé e, ẹ ó dé ọ̀dọ̀ wọn ní kìlómítà 16 ní nǹkan bíi wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 42.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n má bọ́ sójú títì bá yín sáré o. Òfin ọ̀pọ̀ ìdíje ò gbà á, wọ́n sì lè tìtorí ẹ̀ fagi lé èsì yín.