Kí Ẹ Tó Gbé Báàgì Yín Dé Ẹsẹ̀ Bààlúù Olówó Pọ́ọ́kú

Ní ọdún 2009, Michael O'Leary, ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ bààlúù olówó pọ́ọ́kú Ryanair, sọ ọ̀rọ̀ kan tó pa ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́rìn-ín. Ó ní òun fẹ́ kí èrò máa fúnra wọn gbé ẹrù ńlá wọn kọjá ibi àyẹ̀wò, kí wọ́n gbé e dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn bààlúù, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ délẹ̀délẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ bààlúù olówó pọ́ọ́kú ní pápákọ̀ Stansted tàbí Luton lónìí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ mọ́. Èrò ló ń fa báàgì rẹ̀ lórí kọnkéré nínú òjò, òun ló ń gbé e gun àtẹ̀gùn, òun náà ló ń tì í sókè orí ìjókòó. Owó tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ san, ara yín àti báàgì kékeré kan péré ni wọ́n gbà á lé. Ẹrù tó bá ju ìyẹn lọ ní owó tirẹ̀.

Àwa Yorùbá tá a wà nílùú ọba sì rèé, a kì í rìn lọ́wọ́ òfo.

Èmi gan-an ti fojú winá rẹ̀ rí. Nílé, mo mú okùn ìwọ̀n tí ìyàwó mi fi ń ránṣọ, mo wọn báàgì mi, ó wọlé gééré. Nígbà tí mo dé géètì, wọ́n ní kí n kì í bọ inú àpótí irin tí wọ́n fi ń dán báàgì wò. Ara rẹ̀ wọlé, táyà rẹ̀ kọ̀. Mo fọwọ́ tì í, mo fi orúnkún tì í, àwọn tó tò sẹ́yìn mi ń wò mí. Ọmọbìnrin tó dúró níbẹ̀ kò tiẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ ìsanwó ló na sí mi. Iye tí mo san ju owó tíkẹ́ẹ̀tì mi lọ.

Aṣọ ara báàgì nìkan ni mo ti wọn nílé, mi ò ka táyà àti ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ọn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn. Báàgì ọ̀fẹ́ tí Ryanair àti Wizz Air gbà ni èyí tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 40 sí 30 sí 20 lọ; ti easyJet jẹ́ 45 sí 36 sí 20. Táyà wà nínú iye yẹn, ọwọ́ wà níbẹ̀, àpò tó yọ síwájú náà wà níbẹ̀. Ẹ má sì wọ̀n ọ́n nígbà tó ṣófo. Ẹ di ẹrù sí i tán ná, torí báàgì tó bá yó máa ń yọ ikùn bí èèyàn ni.

Ẹ má sì gba ìmọ̀ràn ẹni tó wọkọ̀ náà lọ́jọ́ tó ti pẹ́. Títí di oṣù kẹwàá ọdún 2018, ẹ lè fa báàgì kílò 10 dé Ryanair lọ́fẹ̀ẹ́. Ó dópin ní oṣù kọkànlá. EasyJet náà ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2021. Síbẹ̀ ẹ ó ṣì rí ẹ̀gbọ́n tó ń fi ìdánilójú sọ pé, "Gbé e lọ jàre, wọn ò ní rí i." Wọ́n á rí i! Ní ọdún 2025, O'Leary fúnra rẹ̀ sọ ọ́ ní gbangba pé òun ń fún òṣìṣẹ́ òun lówó lórí báàgì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá mú pé ó tóbi jù. Ẹni tó ń gba owó lórí báàgì yín, "ẹ jọ̀ọ́ àǹtí mi" ò lè wọ̀ ọ́ létí. Bẹ́ ẹ bá ti mọ̀ pé báàgì ńlá lẹ máa gbé, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ra tíkẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ sanwó rẹ̀, torí ibẹ̀ ló ti rọjú jù. Géètì ló ti wọ́n jù.

Àṣìṣe tó máa ń dùn mí jù lórí àwọn èèyàn wa ni ti ẹni tó ń bọ̀ láti Èkó. Bààlúù ńlá tó gbé e dé London fún un láyè báàgì 2, kílò 23 sí 23. Ó wá ra Ryanair tó máa gbé e dé Dublin ní Ireland torí pé ó rí i ní owó táṣẹ́rẹ́, ó sì fi wákàtí 3 sáàárín. Tíkẹ́ẹ̀tì méjì tí kò mọ ara wọn rí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa bá a gbé ẹrù láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Ó gbọ́dọ̀ kọjá níwájú àwọn aṣọ́bodè, torí náà kó ti wo ọ̀rọ̀ físà kó tó ra ohunkóhun, nítorí ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà kò lè kàn sọ fún wọn pé òun ń kọjá lọ ni. Lẹ́yìn náà ni yóò gba ẹrù rẹ̀, yóò wọ bọ́ọ̀sì láti pápákọ̀ Heathrow lọ sí Stansted ní Essex. Ọ̀nà yẹn jìn, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì ń bẹ níbẹ̀. Bó bá wá débẹ̀, kílò 46 ṣì ń dúró dè é, kílò kọ̀ọ̀kan tó bá sì lé ní owó tirẹ̀. Ibi tí Ryanair ti ń gba ẹrù máa ń tì ní ìṣẹ́jú 40 kí bààlúù tó gbéra. Ibẹ̀ náà ni ẹni tí kì í ṣe ọmọ Yúróòpù ti gbọ́dọ̀ lọ fi ìwé ìrìnnà àti físà hàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé báàgì ọwọ́ nìkan ló gbé. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ èyí, wọ́n á ti dé géètì kí wọ́n tó dá wọn padà.

Oúnjẹ ńkọ́? Ọbẹ̀ ata, omi ni lójú àwọn aláyẹ̀wò. Epo pupa, omi ni. Òrí tí Màmá fi ránṣẹ́, ìpara ni. Bí ike rẹ̀ bá ju mílílítà 100 lọ, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ike nìkan ló kù. Àwọn pápákọ̀ kan, bí Edinburgh, ti ń jẹ́ kí èrò gbé tó lítà 2 kọjá, ṣùgbọ́n pápákọ̀ tẹ́ ẹ máa gbà padà lè má tíì yí tirẹ̀. Gààrí àti èlùbọ́ kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀ ju pé kí wọ́n tú báàgì yín lọ. Àmọ́ ẹ má gbé ṣàkì, pọ̀nmọ́ tàbí ẹran díndín láti Bìrìtìkó lọ sí Dublin tàbí Málaga ní Spain: láti ìgbà tí Bìrìtìkó ti kúrò nínú EU, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, òfin kò gba ẹran àti wàrà wọlé níbẹ̀.

Nígbà mìíràn, bí àyè orí ìjókòó bá kún, wọ́n á gba báàgì yín ní géètì, wọ́n á sì gbé e sísàlẹ̀ bààlúù. Ẹ má jọ̀wọ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ yọ power bank kúrò, torí bátìrì bẹ́ẹ̀ lè gbaná, òfin kò sì jẹ́ kó lọ sísàlẹ̀ níbi tójú ò tó o. Ẹ yọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ìwé ìrìnnà àti kọ́kọ́rọ́ ilé. Ẹ fi wọ́n sínú ọ̀rá kan lọ́tọ̀ láti ilé, kẹ́ ẹ má baà máa tú aṣọ ìnuwọ́ àti ṣòkòtò abẹ́ síta lójú gbogbo èrò.

Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin àti Màmá tí orúnkún ń dùn lẹ jọ ń lọ, ẹ má rò pé ẹ óò kàn fà á lọ́wọ́ lọ. Àtẹ̀gùn irin ni wọ́n ń gùn níta, ó ga, ó sì máa ń yọ̀ bí òjò bá rọ̀. Òfin Yúróòpù, tí Bìrìtìkó ṣì ń lò, ní kí wọ́n ran irú wọn lọ́wọ́ láìgba kọ́bọ̀, kẹ̀kẹ́ arọ rẹ̀ náà kò sì ní owó. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún iléeṣẹ́ bààlúù ní wákàtí 48, ó kéré tán, kí ọjọ́ ìrìnàjò tó pé. Ẹni tó bá dúró di ọjọ́ náà gan-an lè bá ara rẹ̀ nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, Màmá lọ́wọ́ kan, báàgì lọ́wọ́ kejì, tí àwọn èrò yòókù ti jókòó tán.