Kì í Ṣe Ẹsẹ̀ Ejò: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nípa Akọ àti Abo Ejò

Bí wọ́n bá sọ ejò tí wọ́n pa sínú iná, ooru á ká a lára, nǹkan ẹlẹ́ran méjì á sì ta jáde lábẹ́ ìrù rẹ̀. Ẹni tó bá rí i á pariwo pé, "Ẹ wá wo ẹsẹ̀ ejò!" Ẹ má gbà bẹ́ẹ̀. Okó akọ ejò ni. Méjì ló ní, inú ìdí ìrù ló sì ń tọ́jú wọn sí, bí ìbọ̀sẹ̀ tí a yí inú rẹ̀ síta. Bó bá fẹ́ gun abo, ẹ̀jẹ̀ á kún inú ọ̀kan, ìyẹn á yọ, òun nìkan ni yóò sì lò. Ẹ má fi ti ènìyàn wé e: poro tóóró kan ló wà lára rẹ̀ tí àtọ̀ ń ṣàn gbà, ìtọ̀ kì í sì í gba ibẹ̀ rárá.

Síbẹ̀, ẹ má fi ẹni tó pè é lẹ́sẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, torí ọ̀rọ̀ náà jìn. Ní 2014, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Harvard fi hàn pé nínú ọlẹ̀ ejò àti alángbá, ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti ń hù ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń di okó ti ń wá. Ti eku kò rí bẹ́ẹ̀. Apá ìrù ni tirẹ̀ ti ń wá. Ní 2015, àwọn ti Yunifásítì Georgia rí i pé apá kan nínú DNA (ohun àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì), tó ń darí bí ẹsẹ̀ àti okó ṣe ń hù lára àwọn ẹranko mìíràn, ṣì wà lára ejò. Iṣẹ́ ẹsẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ti okó ló kù. Èyí ló wú mi lórí jù nínú gbogbo rẹ̀: ejò ti pàdánù ẹsẹ̀ láti ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún, ohun tó fi ń kọ́ ọ kò tíì kúrò lára rẹ̀.

Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ gan-an lẹ fẹ́ rí, ara erè ni kí ẹ wò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ìdí rẹ̀, lọ́tùn-ún lósì, èékánná kékeré kan ń bẹ níbẹ̀: àṣẹ́kù ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìyẹn. Akọ a máa fi í họ abo lára kó tó gùn ún. Ẹni tó ń sin erè, bí wọ́n ti ń sìn ín fún títà sókè òkun ní Benin àti Togo, kò gbọdọ̀ fi èékánná yìí nìkan mọ akọ yàtọ̀ sí abo, torí àwọn méjèèjì ló ní in. Ẹ má sì ki irin bọ ihò ìdí náà fúnra yín láti fi mọ akọ tàbí abo; ọwọ́ tí kò mọ̀ ọ́n ṣe lè ya ẹran inú rẹ̀.

Ẹ má rí ti ejò kan kí ẹ rò pé bẹ́ẹ̀ ni ti gbogbo wọn rí. Okó àwọn ìdílé paramọ́lẹ̀ sábà máa ń pín sí méjì lórí, òmíràn ní ẹ̀gún líle, òmíràn kún fún ihò wẹ́wẹ́. Láti àwọn ọdún 1890 ni Edward Drinker Cope, onímọ̀ ẹranko ní Amẹ́ríkà, ti ń fi ìyàtọ̀ yìí pín ejò sí ìdílé ìdílé.

Abo ni wọ́n fojú rénà jù. Àwọn kan ní kò ní clitoris (idọ́). Àwọn mìíràn rí i, wọ́n pè é ní okó tí kò dàgbà. Ní 2022, Megan Folwell ti Yunifásítì Adelaide àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ irú ejò 9 wò, wọ́n sì fi hàn pé ó wà, pé ó pín sí méjì, àti pé iṣan ìmọ̀lára wà nínú ti death adder, ejò olóró kan ní ilẹ̀ Ọsirélíà. Ẹ má kọ ọ́ mọ́ pé kò ní.

Bí ẹ bá rí paramọ́lẹ̀ méjì tó lọ́ mọ́ra, ẹ má yára sọ pé tọkọtaya ni. Ó lè jẹ́ akọ méjì tó ń jà du abo.

Bí abo tó ń dá gbé bá sì yé ẹyin, ẹ má sọ pé òfo ni. Abo ejò lè tọ́jú àtọ̀ sínú ju ọdún kan lọ. Ní ọgbà ẹranko Artis ní Amsterdam, erè ilẹ̀ Burma kan tí kò rí akọ yé ẹyin léraléra. Nígbà tí wọ́n yẹ ọlẹ̀ inú wọn wò, DNA ti ìyá nìkan ni wọ́n bá, kò sí ti akọ kankan. Kí ẹ tó da ẹyin nù, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́yìn nínú òkùnkùn: bí iṣan ẹ̀jẹ̀ pupa bá hàn, ọlẹ̀ wà níbẹ̀.