Bí agbábọ́ọ̀lù tó ti fẹ̀yìn tì ṣe lè kó ọmọ àdúgbò jọ sórí pápá

Ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù tó bá fẹ́ ṣe nǹkan fún àdúgbò rẹ̀ máa ń ti orí aṣọ bẹ̀rẹ̀: á rán jẹ́sì ogójì, wọ́n á ya fọ́tò, ó di ọdún tó ń bọ̀. Àwọn tí iṣẹ́ wọn tọ́jọ́ mú ohun kan ṣoṣo dání. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, tó gbá bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí Nàìjíríà fi 3-0 na Algeria ní Súrùlérè lọ́dún 1980, fi ìwé àti eré ìdárayá sábẹ́ òrùlé kan náà ní Wasimi, ìpínlẹ̀ Ògùn. Nwankwo Kanu, tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún lọ́dún 1996, mú ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí ọkàn ń dà láàmú. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọmọ ọdún 8 sí 15 ní bọ́ọ̀lù ni à ń bá sọ̀rọ̀ níbí.

Pápá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹnu gbà á. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ní “ẹ máa lò ó” lè gba ìwé pé kó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn lóṣù tó ń bọ̀, kí ọ̀gá tuntun sì ti géètì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ wo, aago mélòó sí mélòó, ta ló ń gé koríko. Kí ọmọ kankan tó wọlé, kí àgbàlagbà méjì rin pápá náà já, kí wọ́n ṣa ìgò àti irin. Yanrìn ni kẹ́ ẹ fi dí ihò. Bí ẹ bá fi òkúta wẹ́wẹ́ dí i, á tún jáde bí òjò bá rọ̀.

Ẹ forúkọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, lábẹ́ Incorporated Trustees, ìyẹn ti àwọn ẹgbẹ́ tí kò wà fún èrè. Ìwé òfin ẹgbẹ́ àti àkọsílẹ̀ ìpàdé wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè, ìkéde sì gbọ́dọ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn méjì, kí ẹni tó bá ní àtakò sọ ọ́ láàárín ọjọ́ 28. Lẹ́yìn náà, ẹ gba ìwé ẹ̀rí SCUML, ẹ̀ka ìjọba tó ń gbógun ti kíkó owó àìtọ́ pamọ́, torí báńkì á béèrè rẹ̀. Kí ẹni méjì máa buwọ́ lu sọ̀wédowó. Ẹ má jẹ́ kí owó ẹgbẹ́ wọ àkáǹtì ẹnikẹ́ni, pàápàá àkáǹtì ìràwọ̀ agbábọ́ọ̀lù náà fúnra rẹ̀.

Fún ọmọ 24, akọ́nimọ̀ọ́gbá méjì àti bọ́ọ̀lù 12 tó. Nọ́ńbà 4 ni ọmọ ọdún 8 sí 12 ń gbá, nọ́ńbà 5 láti 13 lọ. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ bọ́ọ̀lù náà: bí kò bá wọlé rárá, afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti pọ̀ jù, ọmọ tó bá fi orí kàn án lẹ́ẹ̀kan kò ní fẹ́ kàn án mọ́.

Ìlà ló ń ba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ jù. Ọmọ 24 á tò sẹ́yìn ara wọn, bọ́ọ̀lù kan, kóònù mẹ́fà. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá lo ìṣẹ́jú àáyá 15, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́fà ni yóò dúró kó tó tún kàn án. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù ló ń kọ́ nìyẹn, ìdúró ló ń kọ́. Ẹ pín wọn ní méjì-méjì, bọ́ọ̀lù kan láàárín wọn, fún ìṣẹ́jú 30. Lẹ́yìn náà ẹ gé pápá sí mẹ́ta, ìgbésẹ̀ 30 sí 20, kí mẹ́rin kojú mẹ́rin pẹ̀lú mọ́ńkí pósìtì, láìsí aṣọ́lé. Òfin ìta pé kí sẹ́ẹ̀tì tó bá jẹ góòlù méjì jáde dùn, àmọ́ àwọn tí kò tíì mọ̀ ọ́n gbá gan-an ló ń jókòó jù. Aago ni kẹ́ ẹ fi máa pààrọ̀ wọn, ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Omi ní ìṣẹ́jú 20 síra, ẹ má dúró dìgbà tí òùngbẹ bá gbẹ wọ́n.

Gbogbo wa la mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Sam Okwaraji, agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà tó ṣubú lórí pápá tó sì kú, ní Súrùlérè ní 12 Oṣù Kẹjọ, 1989. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí òbí bá mú ọmọ wá, ẹ bi í: ṣé ó ti dákú rí níbi tó ti ń sáré? Ṣé ẹnì kan nínú ẹbí kú lójijì ní kékeré? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀dọ̀ dókítà ló ń lọ kó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Bí ọrùn ẹsẹ̀ bá wú, omi dídì tí aṣọ yí ká ni, fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ẹ gbé rọ́bù àti ìfọwọ́ra kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́.

Ó ku ìwé ọmọ, ibẹ̀ sì lowó ń gbà lọ. Ọjọ́ orí tòótọ́ ni kẹ́ ẹ kọ. “Ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù”, ìyẹn ọjọ́ orí tí wọ́n dín kù, ti dójú ti ọ̀pọ̀ ọmọ láti ìgbà tí FIFA, àjọ bọ́ọ̀lù àgbáyé, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ MRI tó ń ya àwòrán inú ara wo ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ abẹ́ ọdún 17 láti mọ̀ bóyá wọ́n dàgbà jù, níbi ìdíje tí Nàìjíríà gbà lálejò lọ́dún 2009. Ẹ darapọ̀ mọ́ àjọ bọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀, kí wọ́n forúkọ ọmọ sílẹ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́ yín láti ọdún 12. Bí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù rẹ̀ bá tà á lọ́jọ́ iwájú láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn nígbà tí àdéhùn rẹ̀ ṣì ń lọ, ìdá 5 nínú 100 owó náà jẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́ tó kọ́ ọ ní bọ́ọ̀lù. Ká ní mílíọ̀nù méjì yúrò ni, ìdá náà jẹ́ 100,000. Ọdún 12 sí 15 ń gba ìdá 5 nínú 100 ti ìyẹn lọ́dọọdún, ọdún 16 sí 23 ń gba ìdá 10. Ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ láti 12 dé 17 á gba 40,000 yúrò. Láìsí ìforúkọsílẹ̀, kọ́bọ̀ kò ní kàn yín.

Ẹni tó bá ní òun fẹ́ mú ọmọ ọdún 15 lọ sí Yúróòpù lọ gbá bọ́ọ̀lù, tó wá ń gba owó ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ òbí, ẹ lé e. FIFA kò gbà kí ọmọ tí kò tíì pé 18 lọ bá ẹgbẹ́ ilẹ̀ òkèèrè, àfi nínú àwọn ọ̀ràn díẹ̀ bíi kí òbí rẹ̀ kó lọ síbẹ̀ nítorí ohun tí kò kan bọ́ọ̀lù. Bí aṣojú bá sì gbé ìwé wá pé ẹ kò ní béèrè nǹkan kan lórí ọmọ náà, kí lọ́yà kà á kẹ́ ẹ tó mú bírò.